Oògùn mẹ́fà nínú ọ̀rá kan: ibo ni ẹ̀rí ìwádìí wà lọ́wọ́ dókítà gbogboogbò?

Dókítà Ẹ̀bá-Ọjà (Ogbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Kíliníìkì kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Wàzò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí aboyún, ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tí ọ̀kadà gbá àti ẹni tí ojú ń dùn ti máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Màmá kan wà tí mo ń tọ́jú, ẹni ọdún 71, tó ń ta èlùbọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní àtọ̀gbẹ, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ń ro ó débi pé ó máa ń fọwọ́ ti ògiri kí ó tó lè dìde. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó tú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì mi: amlodipine, lisinopril àti hydrochlorothiazide fún ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin fún àtọ̀gbẹ, aspirin, àti diclofenac, oògùn ìrora tí ó fúnra rẹ̀ rà lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì nítorí orúnkún. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 178/104. Ìwé ìlànà ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní kí n fi oògùn kẹrin kún mẹ́ta tó ti ń lò fún un. Ìwé ìlànà ti àtọ̀gbẹ ní kí n fi oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kún un. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó sọ ohun tí n ó ṣe nígbà tí gbogbo àrùn náà bá pàdé lára obìnrin kan ṣoṣo, tí ó jẹ́ pé èrè èlùbọ́ ló fi ń ra gbogbo rẹ̀.

Dókítà ọ̀dọ́ kan tó wà lọ́dọ̀ mi béèrè, nígbà tí mo ní n kò ní fi nǹkan kan kún un lọ́jọ́ náà, pé: "Ẹ̀rí wo lẹ dúró lé, sà?" Mo ní ìrírí ni. Ojú tì mí bí mo ti sọ ọ́ tán, nítorí pé ìdáhùn yẹn náà ni àwọn tó ṣáájú wa fi gbèjà ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ti jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí. Síbẹ̀, bí mo bá ka àwọn ìwádìí ńláńlá náà, n kò rí màmá yìí nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ipò wo lẹ̀yin fi ẹ̀rí ìwádìí sí nínú iṣẹ́ dókítà tí ń tọ́jú gbogbo àìsàn tó bá ṣáà ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé?

Àgbà Òkè-Ẹlẹ́rìn

Dókítà wa, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ mi yóò gùn, ẹ fi orí jì mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, Ogbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ dókítà ìdílé, ní ìlú tí ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ti ń gba aláìsàn láti 1907. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa kò gbà kí a fojú yẹpẹrẹ wo ìrírí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ìrírí ti tàn mí jẹ lọ́nà tí n kò lè gbàgbé.

Èkíní ni ti kuníìnì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ tí ibà bá mú débi gìrì, kuníìnì la máa ń fi sínú omi tí à ń fà sí i lára, ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ọmọ tí mo rí tó là lórí kuníìnì kò níye. Ẹni tó bá wí fún mi nígbà náà pé oògùn kan sàn jù ú lọ, n ó ní kí ó wá wo wọ́ọ̀dù mi. Ní 2010 ni àbọ̀ ìwádìí AQUAMAT jáde: ọmọdé 5,425 ní orílẹ̀-èdè 9 ní ilẹ̀ Áfíríkà, Ìlọrin tó wà nítòsí wa yìí sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́ gègé ni wọ́n ṣe pín àwọn ọmọ náà, kò sí ẹni tó yan èyí tó wù ú. Àwọn kan gba artesunate, oògùn ibà mìíràn, àwọn kan gba kuníìnì. Nínú 100 ọmọ tó gba kuníìnì, bíi 11 ló kú, nínú 100 tó gba artesunate, ó wà láàrin 8 sí 9. Ìyàtọ̀ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nínú 100 ni. Ojú dókítà wo ló lè rí ìyẹn nínú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, nígbà tí ọmọ kan ń wọlé lónìí tí òmíràn ń jáde lọ́la, tí ìyá ọmọ tó là ń gbé adìyẹ padà wá dúpẹ́, tí ìyá ọmọ tó kú kò sì jẹ́ tún gba àdúgbò ilé ìwòsàn kọjá mọ́? Àwọn tó padà wá dúpẹ́ yẹn ni mo ń pè ní ìrírí.

Èkejì ni ti omi. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí ẹ̀jẹ̀ kò sáré dé ìka rẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé kí a fi abẹ́rẹ́ tú omi púpọ̀ sí i nínú iṣan kíá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ó bọ́gbọ́n mu, a sì máa ń rí i tí ara ọmọ ń yá gágá láàrin wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanzania, nínú ìwádìí FEAST tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2011, ọmọ 3,141 ni wọ́n lò: láàrin wákàtí 48, bíi 10 sí 11 nínú 100 ló kú lára àwọn tí wọ́n tú omi sí lára kíákíá, ṣùgbọ́n lára àwọn tí wọ́n kàn rọra fún ní ìwọ̀n omi tí ara ń lò lójúmọ́, kò ju bíi 7 lọ. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró kí ó tó parí. Mo ka ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ kan, n kò sì lè sùn, nítorí mo ń ka ojú àwọn ọmọ tí mo ti tú omi sí lára lọ́kàn mi.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọmọ tí ń bẹ lọ́dọ̀ yín béèrè ohun tó yẹ kí ó béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò jẹ̀bi. Nígbà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ìṣègùn tó dúró lórí ẹ̀rí ní 1996, ohun tí wọ́n kọ ni pé kí dókítà so òye tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀rí tó dára jù tó wà níta, kí ó sì ka ohun tí aláìsàn fẹ́ sí. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹ̀rí láìsí òye lè di ọ̀gá tí ń nini lára, òye láìsí ẹ̀rí yóò sì di ògbólógbòó. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ náà na ènìyàn bíi pàṣán lónìí kì í sábà ka ìdajì yẹn.

Ohun kan tún wà tí kò hàn sí àwọn tí kò kúrò ní ilé ìwòsàn ńlá rí. Ní 1961, dókítà kan tó ń jẹ́ Kerr White àti àwọn méjì mìíràn ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà 1,000 láàrin oṣù kan, ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì: 750 ni yóò sọ pé nǹkan ń ṣe àwọn, 250 ni yóò lọ rí dókítà, 9 ni wọn yóò dá dúró sí ilé ìwòsàn, ẹnì kan péré ni yóò sì dé ilé ìwòsàn yunifásítì. Ara ẹnì kan yẹn àti irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tí a kà nílé ìwé ti wá. Lára 250 ni màmá ẹlẹ́lùbọ́ yín wà. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ohun tí ìwádìí sọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè àwọn tí wọ́n ṣe é lára wọn.

Onímọ̀ Àyẹ̀wò, Tàkíé

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Láàbù ni mo wà, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí bí nǹkan kan náà ṣe ń jẹ́ òtítọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá tí yóò sì di irọ́ ní kíliníìkì.

Ẹ jẹ́ kí n mú àyẹ̀wò Widal, tí a fi ń wá táífọ́ọ̀dù nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1896, tí gbogbo wa ṣì ń ṣe títí di òní. "Máléríà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù" ti di orúkọ àti oríkì ní ìlú wa, ẹni tí orí bá fọ́ yóò dúró lẹ́nu fèrèsé mi, yóò ní, "Ẹ bá mi wo bí táífọ́ọ̀dù mi ṣe pọ̀ tó, ìjẹta ó jẹ́ plọ́ọ̀sì méjì." Ohun tí àyẹ̀wò yẹn ń wá kì í ṣe kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ohun tí ara fi bá kòkòrò jà ni, ìyẹn sì lè ṣẹ́kù lára láti ọdún tó kọjá, tàbí kí ó jẹ́ pé kòkòrò mìíràn tó jọ ọ́ ni ara ti bá jà.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣírò. Iye tí mo ń lò yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ lásán. Ká ní nínú 100 tó wá sí kíliníìkì pẹ̀lú ara gbígbóná, 5 ló ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́. Ká ní àyẹ̀wò náà ń mú 4 nínú 5 yẹn, tó sì ń ṣi ẹnì kan mú nínú márùn-ún-márùn-ún lára àwọn 95 tí kò ní in. 19 ni yóò ṣì mú. Nínú 23 tí ìwé mi yóò sọ pé wọ́n ní táífọ́ọ̀dù, 4 péré ló ní in. Ẹ wá gbé àyẹ̀wò kan náà lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣa àwọn aláìsàn jọ, tí 50 nínú 100 wọn ní in lóòótọ́: yóò mú 40, yóò ṣi 10 mú. Omi àyẹ̀wò kò yí padà, ọwọ́ mi náà kò yí padà, àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló yí padà. Bí wọ́n bá wá kọ ìwé pé àyẹ̀wò kan dára, tí ó jẹ́ pé wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti dán an wò, dókítà gbogboogbò ní láti tún un ṣírò kí ó tó gbà á gbọ́.

Ti ibà rọrùn díẹ̀. Láti 2010 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ènìyàn ní oògùn ibà. Síbẹ̀, mo máa ń rí ìwé oògùn tí wọ́n ti kọ kí àbọ̀ mi tó jáde. Bí mo bá ní kò sí ibà, wọ́n á ní láàbù mi ni kò dára.

Apòògùn Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Mo kí gbogbo ilé. Mo fara mọ́ Ẹ̀gbọ́n Àgbà lórí ohun púpọ̀, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí n tako wọ́n níbì kan.

Wọ́n sọ ìtàn FEAST bí ẹni pé ó parí síbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa ìwádìí yẹn kọ̀ láti fa omi sí ara ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti mú ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ó ní omi ń pa ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí kò ka ìwádìí kankan ló ké gbàjarè títí ọ̀gá fi dé. Ẹni tó bá ka ìwé náà tán yóò rí i pé wọn kò mú ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ọmọ tí àìjẹun-kánú ti bà jẹ́, tàbí ọmọ tí iná jó, wọnú ìwádìí náà rárá. Ẹ̀rí tí a gbọ́ ìdajì rẹ̀ burú ju àìní ẹ̀rí lọ, nítorí pé ó ń fún ènìyàn ní ìgboyà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí màmá ẹlẹ́lùbọ́. Dókítà ní òun kò rí i nínú ìwádìí. Ó wà níbẹ̀, ó kàn fọ́n ká ni. Ìwádìí CREOLE, tó jáde ní 2019, àwọn aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè 6 ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n lò, Nàìjíríà wà lára wọn. Ó fi hàn pé amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, tàbí amlodipine pẹ̀lú perindopril tó jẹ́ ẹbí lisinopril, ń mú ìfúnpá wálẹ̀ ju kí a so perindopril àti hydrochlorothiazide pọ̀ láìsí amlodipine lọ. Nítorí náà, amlodipine rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò.

Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé gbogbo yín ń wo ẹ̀rí bí ohun tí ń sọ oògùn tí a ó fi kún un. Ẹ̀rí ń sọ èyí tí a ó yọ pẹ̀lú. Aspirin yẹn, ṣé màmá ti ní rọpárọsẹ̀ rí tàbí àrùn ọkàn? Bí kò bá ní in rí, ẹ wo ìwádìí méjì tó jáde ní 2018. ASPREE lo àgbàlagbà 19,114 ní Australia àti Amẹ́ríkà, ASCEND sì lo àwọn alátọ̀gbẹ 15,480 ní Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ti àwọn àgbàlagbà, aspirin kò fi kún ọdún tí wọ́n fi wà láìní àárẹ̀ ńlá, ó sì fi kún ẹ̀jẹ̀ dídà. Nínú ti alátọ̀gbẹ, ìwọ̀nba àǹfààní tó ṣe, ẹ̀jẹ̀ dídà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á padà. Ní ti diclofenac, òun gan-an máa ń gbé ìfúnpá sókè, bí ó bá sì pàdé lisinopril àti hydrochlorothiazide, kíndìnrín ló máa jìyà rẹ̀. Kí ẹ tó wá oògùn kẹrin, ẹ kọ́kọ́ gba diclofenac lọ́wọ́ wọn.

Àgbà Òkè-Ẹlẹ́rìn

Apòògùn, mo gbà. Ó yẹ kí n ti sọ àwọn ọmọ tí wọn kò mú wọ ìwádìí náà, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tún un ṣe. Ti aspirin yẹn náà kàn mí, èmi fúnra mi ń lò ó.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀rẹ́ Ìyálọ́jà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi Dókítà Ẹ̀bá-Ọjà. Ṣé ẹ ti béèrè lọ́wọ́ màmá ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ bí wọ́n bá wà lọ́jà?

Mo béèrè nítorí pé mo ti bá irú wọn pàdé púpọ̀. Hydrochlorothiazide ni àwọn màmá ń pè ní "oògùn ìtọ̀." Ẹni tó bá lò ó láàárọ̀ yóò tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí kò bá sí ilé ìtọ̀ nítòsí ìsọ̀, tàbí tí wọ́n ń gbowó níbẹ̀, tàbí tí orúnkún kò jẹ́ kí ènìyàn lè lóṣòó, kò sí ìyá tí yóò fi ìsọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọn kò ní sọ fún dókítà, nítorí pé ojú ń tì wọ́n, àti nítorí pé wọn kò fẹ́ kí dókítà bínú. Wọ́n á kàn fo oògùn náà ní ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì wá ọjà náà ni wọ́n sábà máa ń yà sí kíliníìkì yín, ọjọ́ tí wọn kò lo oògùn náà gan-an ni ẹ ń wọn ìfúnpá wọn.

Ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́, kí ó má jẹ́ níwájú dókítà ọ̀dọ́ yẹn.

Dókítà Ẹ̀bá-Ọjà (Ogbómọ̀ṣọ́)

Ẹ má bínú pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó padà síbí. Mo fẹ́ kí màmá tún wá ná.

Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n fi èlùbọ́ sílẹ̀ fún ewúrẹ́ ni?" Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ sọ́jà kò sí oògùn ìtọ̀, ó sì ti pé ọdún kan gbáko tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ti fẹ́ fi oògùn kẹrin kún èyí tí wọn kò lò. A jọ fẹnu kò pé kí wọ́n máa lò ó bí wọ́n bá ti délé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ìtọ̀ náà lè bá wọn nílé. Mo yọ aspirin, nítorí pé wọn kò ní rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn rí. Ti diclofenac ni a jà lé lórí jù. Wọ́n ní òun nìkan ni oògùn tí àwọn mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. A parí rẹ̀ sí paracetamol àti òróró ìfọ́ra, wọ́n sì ní bí orúnkún bá pa àwọn lọ́jọ́ ìnáwó ọmọ wọn, àwọn yóò lo ẹyọ kan, kí n má bínú. Mo kọ ọ́ sínú káàdì bẹ́ẹ̀. Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí ìwé àtọ̀gbẹ ní kí n fún wọn, ẹ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n jẹ́ kí owó àwọn mí ná. A ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ta èlùbọ́ tuntun.

Lánàá, ìfúnpá wọn jẹ́ 152/88. Dókítà ọ̀dọ́ ló wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀n ọ́n nítorí pé kò gbà á gbọ́.

Ìbéèrè mìíràn ti dé báyìí. Màmá fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni ọdún 84, tí ìfúnpá rẹ̀ máa ń wà ní bíi 170. Mo ti ka ìwádìí HYVET ti 2008, tó lo àwọn ẹni ọdún 80 sókè tó lé ní 3,800, tó sì fi hàn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń dín ikú kù lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ ìwádìí yẹn jẹ́ àgbàlagbà tí ara wọ́n ṣì le, nígbà tí èyí ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà ọdún Iléyá. Ta ló ti tọ́jú irú rẹ̀ rí, ibo lẹ sì dá ìfúnpá rẹ̀ dúró sí?